Ó Máa Ń Rẹ Irin



Ọ̀rọ̀ irin ni mo gbé wá lónìí. Ẹ má ṣe sọ pé ti alágbẹ̀dẹ àti mẹkáníìkì nìyẹn. Ta ni nínú wa tí kì í jẹ ohun tí ẹ̀rọ lọ̀? Ta ni kì í gun kẹ̀kẹ́ tàbí alùpùpù lọ sí ọjà? Bí irin bá ṣẹ́, àwa ló ń fara gbá a.

Àwọn obìnrin kan ní Kpankou dá owó jọ, wọ́n ra ẹ̀rọ tó ń lọ àgbàdo àti láfún. Ẹ̀rọ méjì ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan ń mu epo díísù, èkejì ń lọ nǹkan, bẹ́líìtì ló so wọ́n pọ̀. Àwọn méjèèjì jókòó lórí irin gígùn méjì tí wọ́n fi bóòtù dè mọ́ símẹ́ǹtì. Ní ọjọ́ kan, ọ̀kan nínú àwọn ìyá tó ń kọ́ ìwé lọ́dọ̀ mi ń nu ẹ̀rọ náà. Ó rí ìlà tín-ín-rín kan lára irin, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò bóòtù. Ó rò pé irun ni. Ó fi èékánná ha á, kò kúrò. Ó ránṣẹ́ pè mí, ó ní, "Olùkọ́, ẹ wá wo ẹni tó ń kọ̀wé sára ẹ̀rọ wa."

Mo wò ó. Ìlà náà kò gùn ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Irin náà ti sán. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tọ́jú ẹ̀rọ náà rẹ́rìn-ín. Ó ní irin yẹn nípọn, ó ní erin kò lè ṣẹ́ ẹ. Òótọ́ ló sọ, erin kò lè ṣẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe erin ló ń bá irin náà jà.

Ẹ mú wáyà kan, irú èyí tí a fi ń so ọgbà. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì fà á. Kò ní já. Nísinsìnyí, ẹ tẹ̀ ẹ́ síwájú, ẹ tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn, lójú kan náà. Lẹ́ẹ̀kan, kò ṣẹ́. Lẹ́ẹ̀mejì, kò ṣẹ́. Ẹ máa tẹ̀ ẹ́ lọ. Kò ní pẹ́ tí yóò fi ṣẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́. Agbára tí ẹ fi tẹ̀ ẹ́ kẹ́yìn kò ju ti àkọ́kọ́ lọ. Kí ló wá ṣẹ́ ẹ? Iye ìgbà ni.

Àwọn tó mọ̀ nípa irin sọ pé ó ti rẹ irin bẹ́ẹ̀. Àmọ́ àárẹ̀ irin kò dà bí ti ènìyàn. Àgbẹ̀ tó rẹ̀ lónìí, bí ó bá sùn, ara rẹ̀ á mókun lọ́la. Irin kì í sùn kí ó gbàgbé. Ibi tó bá a dé lónìí ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ lọ́la, bí ẹ tilẹ̀ fi í sílẹ̀ fún oṣù mẹ́ta.

Ẹ mú ìwé ìṣirò yín. Bí ẹ̀rọ kan bá ń yí 1,000 ìgbà ní ìṣẹ́jú kan, yóò yí 60,000 ìgbà ní wákàtí kan. Bí ó bá ṣiṣẹ́ wákàtí 4 lóòjọ́, 240,000 nìyẹn. Bí ó bá ṣiṣẹ́ ọjọ́ 25 nínú oṣù, 6,000,000 nìyẹn, mílíọ̀nù mẹ́fà. Ìgbàkígbà tó bá yí, ó ń mi irin tó jókòó lé. Mímì náà kéré, ojú kì í rí i. Ṣùgbọ́n wáyà ọwọ́ yín kò lè fara da ọgọ́rùn-ún ìgbà.

Níbo ni ìlà náà ti ń bẹ̀rẹ̀? Ẹ bi àwọn tó ń ta aṣọ. Bí wọ́n bá fẹ́ fa aṣọ ya fún yín, wọn kì í kàn fà á. Wọ́n á kọ́kọ́ fi sísọ́ọ̀sì gé etí rẹ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n á fà á, á sì ya gbàrà. Gbogbo agbára ọwọ́ wọn ló lọ kó jọ sí ṣóńṣó ibi tí sísọ́ọ̀sì gé dé. Irin náà ní ibi tí sísọ́ọ̀sì máa ń gé e. Etí ihò bóòtù wà níbẹ̀. Igun tó mú wà níbẹ̀. Ibi tí wọ́n jó irin pọ̀ sí, ibi tó dógùn-ún tó ti jẹ wọnú, àní ibi tí òòlù tàbí fáìlì ti dá ọgbẹ́ sí. Ibẹ̀ ni kí ẹ máa wò. Ẹ má jókòó ti àárín irin níbi tó ti dán.

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí wà. Àwọn òyìnbó tó ń ṣe irin pàápàá kò tètè mọ̀ ọ́n. Ikú ló kọ́ wọn.

Ní ọjọ́ 8 oṣù Karùn-ún ọdún 1842, ọkọ̀ ojú irin kan ń ti Versailles bọ̀ ní Paris, ní ilẹ̀ Faransé. Ọ̀pá irin tí ẹsẹ̀ orí ọkọ̀ náà ń yí lé lórí ṣẹ́. Orí ọkọ̀ dojú dé, àwọn tó wà lẹ́yìn gun orí ara wọn, iná sì ràn. Wọ́n ti ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn èrò láti ìta, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nígbà náà. Àwọn tó kú lé ní 50. Lẹ́yìn èyí ni àwọn onímọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀ wò dáadáa. Ará Jámánì kan tó ń ṣiṣẹ́ rélùwéè, August Wöhler ni orúkọ rẹ̀, lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí rẹ̀ títí di 1870. Ó ṣe ẹ̀rọ tó ń tẹ ọ̀pá irin léraléra títí yóò fi ṣẹ́, ó sì ń ka iye ìgbà. Ó rí i pé irin tí ẹrù kan kò lè ṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹrù tó kéré sí i lè ṣẹ́ ẹ bó bá ń padà wá.

Síbẹ̀, ó tún pa àwọn mìíràn. Ní ọdún 1954, bàálù méjì tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe, tí wọ́n ń pè ní Comet, fọ́ lójú ọ̀run. Èyí àkọ́kọ́ já sínú òkun nítòsí Elba ní Ítálì ní ọjọ́ 10 oṣù Kìíní. Ènìyàn 35 kú. Èkejì já ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹrin, ènìyàn 21 kú. Àwọn onímọ̀ gbé bàálù kan irú rẹ̀ sínú àgbá omi ńlá. Wọ́n ń fi omi fún un nínú, wọ́n ń dẹ̀ ẹ́, bí ẹni pé ó ń fò tó sì ń balẹ̀. Ìgbà tí àròpọ̀ rẹ̀ tó nǹkan bí 3,000, ara rẹ̀ ya. Igun ihò kan lára rẹ̀ ni ìlà náà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tó bá ti rí bàálù nítòsí, ẹ wo fèrèsé rẹ̀. Igun rẹ̀ kì í mú.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí Kpankou.

Èmi kò mọ iṣẹ́ irin. Ìwé ni mo mọ̀. Nítorí náà mo ní kí ìyá náà fi pẹ́ńsù fa àmì kékeré sí ibi tí ìlà náà parí sí, kí ó sì kọ ọjọ́ àti oṣù sí i. Ó wọ̀n ọ́n pẹ̀lú rúlà: mílímítà 12. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ó tún wọ̀n ọ́n: mílímítà 14. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kejì: mílímítà 19. Ó kó ìwé rẹ̀ wá bá mi, ó sì mú ọ̀dọ́mọkùnrin wa náà dání. Ó ní, "Ọmọ mi, kà á fún mi, bóyá ojú mi ló ń ṣe bàìbàì." Ọmọ náà kà á. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní ó fi 2 gùn sí i. Ní ọ̀sẹ̀ kejì ó fi 5 gùn sí i. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló pa ẹ̀rọ.

Bí ìlà sísán ṣe máa ń rìn nìyẹn. Bó bá ṣe gùn sí i ni ó ń yára sí i, nítorí irin tó kù láti gbé ẹrù ń dín kù. Mo gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́: kò yẹ kí a jẹ́ kí ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì yẹn. Bí irin náà bá ṣẹ́ nígbà tí bẹ́líìtì ń yí, tí ọmọdé sì dúró síbẹ̀ pẹ̀lú igbá àgbàdo, kí ni à bá sọ fún ìyá rẹ̀? Bí ẹ bá rí irú ìlà bẹ́ẹ̀, ẹ pa ẹ̀rọ ná.

Ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ pè ni ẹni tó ń jó irin, kí ó jó o pọ̀. Mo ní kí wọ́n dúró. Mo ní ìdí. Ìgbà kan wà tí irin kẹ̀kẹ́ mi sán lábẹ́ ìjókòó. Mo gbé e lọ fún ẹnì kan, ó jó iná sí i lórí, ó kùn ún ní ọ̀dà, ó dára lójú. Kò pé oṣù kan, ó ṣẹ́ mọ́ mi nídìí ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Àpá rẹ̀ wà lórúnkún mi títí di òní. Nígbà tí mo wo ojú ibi tó ṣẹ́, mo rí i pé iná náà kò wọlé. Ó kàn bo ojú egbò ni. Abẹ́ rẹ̀ ṣì sán bó ṣe wà.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ojú ibi tí irin ti ṣẹ́, nítorí mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ náà. Bí irin bá ṣẹ́, ẹ má sọ ọ́ nù. Ẹ kà á. Ẹ ó rí i pé ojú rẹ̀ pín sí méjì. Apá kan á tẹ́jú, á sì dúdú díẹ̀. Nígbà mìíràn ẹ ó rí ìlà wẹ́wẹ́ tó yípo lára rẹ̀, bí èyí tí omi odò máa ń fi sílẹ̀ sí etí yanrìn bó bá ń fà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Apá kejì á rí gbágungbàgun, á máa dán bí iyọ̀. Apá tó tẹ́jú ni ibi tó ti ń sán díẹ̀díẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù púpọ̀. Apá gbágungbàgun ni ibi tó ṣẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Ibi tí àwọn ìlà yípo náà kọjú sí, ibẹ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, bí awakọ̀ bá sọ fún yín pé irin òun ṣẹ́ lójijì, ẹ ní kí ó jẹ́ kí ẹ wo ojú rẹ̀. Irin kì í parọ́.

A ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n kan ní Kétu, mẹkáníìkì àgbà ni. Nígbà tó dé, kò gbé iná jáde. Epo òyìnbó ló béèrè, èyí tí a ń rọ sí àtùpà, àti ẹfun. Ó nu irin náà mọ́. Ó fi àkísà tó tutù fún epo pa á. Ó jókòó, ó jẹ gbùgúdá sísè tí wọ́n gbé fún un. Lẹ́yìn náà ó fi àkísà gbígbẹ nu epo náà kúrò pátápátá, ó sì fi ẹfun lẹ́búlẹ́bú pa ibẹ̀. Kò pẹ́, epo tó sá pamọ́ sínú ibi tó sán bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ó fa ìlà dúdú sójú ẹfun. Ẹ gbọ́, ìlà náà gùn kọjá àmì tí ìyá wa fi pẹ́ńsù fà! Ojú wa kò rí ṣóńṣó rẹ̀ rárá. Ẹnikẹ́ni lè ṣe èyí. Ẹ ṣáà má ṣe é nítòsí iná tàbí sìgá.

Lẹ́yìn náà ni ẹ̀gbọ́n náà gbé ẹ̀rọ tó fi ń lu irin jáde. Ó lu ihò róbótó kan sí ṣóńṣó ìlà náà, kọjá díẹ̀ síwájú ibi tí ẹfun fi hàn. Ihò náà jẹ́ mílímítà 8. Àwọn obìnrin pariwo. Wọ́n ní ṣé ẹni tó wá tún irin ṣe ló tún ń dá a lu?

Ó ní kí wọ́n mú ọ̀rá méjì wá, irú èyí tí wọ́n fi ń di nǹkan ní ọjà. Ó fi abẹ gé ojú kékeré sí ọ̀kọ̀ọ̀kan láàárín. Ti èkejì, ó fi ìṣó gbígbóná dá ihò róbótó sí ìpẹ̀kun ojú gígé náà méjèèjì. Ó ní kí wọ́n rọra fà wọ́n. Èyí tí kò ní ihò ya kíá. Èyí tó ní ihò dúró pẹ́, ó ń nà, wọ́n ní láti fi agbára tó pọ̀ sí i fà á. Ẹ rántí aṣọ tí a fi sísọ́ọ̀sì gé létí. Ṣóńṣó tó mú ni agbára máa ń kó jọ sí. Ihò róbótó kò ní ṣóńṣó. Agbára tó wá síbẹ̀ á pín káàkiri etí ihò náà, ìlà kò sì ní tètè rí ibi tí yóò gbà kọjá.

Bí ihò náà kò bá bá ṣóńṣó gan-an, asán ni. Ìlà á ti kọjá lọ níwájú rẹ̀. Nítorí náà ẹ̀gbọ́n náà tún fi epo àti ẹfun pa inú ihò àti iwájú rẹ̀, ó wò ó, kò sí ìlà níbẹ̀. Ó fi fáìlì yíyípo kékeré ra etí ihò náà títí ó fi dán, nítorí etí tó rí wúruwùru lè di ibi tí ìlà tuntun yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ó wá ki bóòtù tó ṣe rẹ́gí sínú ihò náà, ó fi wáṣà sí i lókè àti nísàlẹ̀, ó sì fún un pinpin. Fífún yẹn ń ki irin náà mọ́lẹ̀ kí ẹnu ibi tó sán má baà máa là, kó máa pàdé. Irú ọgbọ́n yìí kan náà ni wọ́n ń lò fún sípíríǹgì ọkọ̀ ńlá: wọ́n máa ń fi ọta irin wẹ́wẹ́ na ojú rẹ̀ nílé iṣẹ́, kí ojú rẹ̀ lè fún pọ̀, kí ó má tètè sán.

Iṣẹ́ tó gùn jù lọ́jọ́ náà kì í ṣe ti ihò. Ó lo ọ̀pọ̀ wákàtí láti wá ohun tó ń mi ẹ̀rọ náà. Bóòtù méjì ti dẹ̀ nínú símẹ́ǹtì. Bẹ́líìtì kò gún régé, ó ń fa ẹ̀rọ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Ó ní bí a bá lu ihò tí a sì fi ohun tó fà á sílẹ̀, ìlà mìíràn á jáde ní ẹ̀gbẹ́ kejì ihò, a ó sì máa lu ihò kiri bí ẹni ń hun asẹ́.

Mo bi í léèrè bóyá ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún kẹ̀kẹ́ mi àti fún alùpùpù àwọn ọmọ wa tó ń gbé kẹ́ẹ̀gì epo. Ó ní rárá. Irin tó di ẹsẹ̀ iwájú alùpùpù mú, irin bíréèkì, ọ̀pá tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ń yí lé, àti wíìlì ńlá tó ń yí lára ẹ̀rọ díísù, bí wọ́n bá sán, ẹ yọ wọ́n, ẹ ra òmíràn. Wíìlì tó sán lè fò káàkiri bí ọta ìbọn. Bó bá sì jẹ́ irin tí a lè jó ni, ẹ ní kí ẹni tó ń jó o kọ́kọ́ lọ ojú ibi tó sán náà kúrò títí dé ìsàlẹ̀, kí ó tó fi iná kún un, kí ẹ sì wà níbẹ̀ nígbà tó bá ń ṣe é. Ẹlòmíràn á bínú pé ẹ ń ṣọ́ òun. Ẹ jẹ́ kó bínú.

Kí ó tó lọ, ó sọ fún àwọn obìnrin náà pé ihò yìí kò wo irin sàn. Ó ra àkókò fún wọn ni. Kí wọ́n lo àkókò náà láti wá owó irin tuntun.

Ó ti lé ní oṣù mẹ́rin báyìí. Ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta, kí wọ́n tó tan ẹ̀rọ, ọ̀dọ́mọkùnrin wa máa ń fi epo àti ẹfun pa etí ihò náà, ìyá wa a sì kọ ohun tó bá rí sínú ìwé, pẹ̀lú ọjọ́. Títí di ọ̀sẹ̀ tó kọjá, "kò kọjá" ló wà nínú ìwé náà lórí gbogbo ìlà. Wọ́n ń yọ fúráǹkì 25 sọ́tọ̀ lára owó igbá kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá lọ̀. Owó náà wà nínú àpótí, ẹni méjì ló ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá ta àgbàdo ọdún yìí tán, wọ́n á ra irin méjèèjì tuntun, wọ́n á sì fi rọ́bà nínípọn tẹ́ abẹ́ rẹ̀ kí símẹ́ǹtì tó bà á.